Bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama láti dá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ṣe: ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́, láti orí ìbéèrè dé orí ìròyìn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bí a ṣe ń kán ásíìdì sínú omi álíkálì tó ní èròjà atọ́ka títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà kò tíì ṣe ìwádìí. Ìlànà tí ẹlòmíràn kọ ló tẹ̀lé, ibi tí gbogbo kíláàsì sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò dé náà ló dé. Iṣẹ́ àṣefihàn tí a ń ṣe nítorí WAEC wúlò, nítorí ó ń mú ọwọ́ ọmọ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò ti mọ ìdáhùn ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì, Físíìsì tàbí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó fẹ́ mú àwọn ọmọ SS1 tàbí SS2 la irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ já láàárín táàmù kan, ní ilé ẹ̀kọ́ tí láàbù rẹ̀ kò ju tábìlì mẹ́rin àti kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ. Mo yọ SS3 sílẹ̀, nítorí ọmọ tí ìdánwò àṣejáde ti gùn lẹ́yìn kò ní ráyè jókòó ka ẹyin kòkòrò.

Ẹ ṣírò àsìkò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Táàmù wa kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13 lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìbéèrè, ẹ fi ọ̀kan kàwé kí ẹ sì kọ ìlànà, ẹ fi ọ̀kan ṣe ìdánwò kékeré, ẹ fi mẹ́fà ṣe iṣẹ́ gan-an, kí ẹ sì fi méjì tó kù ṣe ìṣirò àti ìròyìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ kan ju ọmọ mẹ́ta lọ, nítorí ẹni kẹrin kò ní rí nǹkan ṣe ju kó máa di ìwé mú. Kòkòrò ẹ̀wà ni mo máa fi ṣàlàyé láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí pé kò wọ́n, ó wà ní gbogbo ọjà wa, ìran rẹ̀ kan sì ń parí kí táàmù tó parí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: kí wọ́n wò kí wọ́n tó béèrè

Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ mú àkọlé ìwádìí wá lọ́jọ́ Ajé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò ti mú un wá, ìdajì wọn yóò sì sọ pé oògùn ibà ni àwọn fẹ́ wá rí. Ẹ má béèrè àkọlé. Ẹ ní kí oníkálukú lọ sí ibi kan tó mọ̀ dáadáa, ìbáà ṣe ilé ìdáná, ṣọ́ọ̀bù télọ̀, oko, tàbí ìsọ̀ mẹkáníìkì, kó sì kọ ohun mẹ́ta tó rí tí kò yé e. Kò gbọdọ̀ ṣàlàyé wọn, àfi kó sọ ohun tó rí. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, kò lọ jìnnà ju ìkòkò amọ̀ lọ: ó gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ẹ̀fọ́ àti èso tó kó sínú rẹ̀ sì ń pẹ́ gan-an kó tó bàjẹ́. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex nítorí iṣẹ́ yìí.

Ohun kan tí mo gbà gbọ́, tí àwọn alábàáṣiṣẹ́ mi kan kò gbà, ni pé èdè Yorùbá ló yẹ kí ọmọ Yorùbá fi kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti dán irú nǹkan báyìí wò ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ohun tí èmi rí nínú kíláàsì tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn kedere: bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn inú ìwé ni yóò há sórí wá, bó bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tirẹ̀ ló máa béèrè. Ọmọbìnrin SS2 kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ báyìí: “Kí ló dé tí ẹ̀wà màmá mi fi máa ń lu ihò, tí ti màmá àgbà tó da ata gbígbẹ sí i kì í fi í lu?” Ìbéèrè rèé. Gẹ̀ẹ́sì yóò dé nígbà tó bá yá, nítorí òun ni wọ́n máa fi kọ ìròyìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: gígé ìbéèrè kù

Ẹ kó gbogbo ìbéèrè sórí pátákó, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sẹ́ ẹ. Ṣé a lè ka èsì rẹ̀ tàbí ká wọ̀n ọ́n? Ṣé yóò parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Ṣé owó tí ẹgbẹ́ náà lè dá jọ yóò tó o? Ṣé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára? “Ṣé ata dára fún ẹ̀wà?” yóò ṣubú lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí a kò lè ka “dára.” “Ṣé kòkòrò tí yóò jáde láti inú ẹ̀wà tí a da ata gbígbẹ lílọ̀ sí yóò kéré ju ti inú ẹ̀wà tí a kò da nǹkan kan sí?” yóò kọjá láìfarapa.

Ibí yìí gan-an ni olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́. Èmi fúnra mi fi ẹnu mi ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Mo sọ fún kíláàsì pé ewé dóńgóyárò ló lágbára jù lọ, gbogbo ẹgbẹ́ tó fi ewé náà ṣiṣẹ́ ló sì rí i pé òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò, mo rí i pé nígbà tí iye kòkòrò pọ̀ nínú ìgò dóńgóyárò, wọ́n tún un kà. Nígbà tó kéré, wọn kò tún un kà. Wọn kò purọ́. Tíṣà ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Láti ọdún náà, bí ọmọ bá béèrè pé, “Sà, èwo ló máa borí?” ìdáhùn mi ni pé kó kọ èyí tí òun rò sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kó sì kọ irú iye tó lè mú kí òun gbà pé òun ṣìnà. Èyí tó kọ náà ni àbá rẹ̀. Àbá tí kò sí ohun tó lè bì í ṣubú kò wúlò fún wa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíkà

Ọ̀sẹ̀ kan tó, bí ẹ bá sọ ohun tí wọn yóò wá fún wọn. Ẹgbẹ́ ẹ̀wà gbọ́dọ̀ mọ irú kòkòrò tó jẹ́ (Callosobruchus maculatus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é), ibi tó ń yé ẹyin sí, àti ọjọ́ tí ẹyin fi ń di kòkòrò. Google Scholar, ibi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba owó, àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń wà lókè ìwé ìwádìí kọ̀ọ̀kan kì í sì í jẹ dátà púpọ̀. Ní Ìbàdàn, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀wà, orúkọ àjọ náà sì dára láti fi wá nǹkan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da gbólóhùn kọ. Kí wọ́n ti ìwé náà, kí wọ́n wá kọ ohun tí wọ́n rántí.

Wọn yóò rí i pé ara èso ẹ̀wà ni abo kòkòrò yìí ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, pé ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́ ihò wọ inú, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun títí yóò fi dàgbà. Ní irú ooru tiwa yìí, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ló ń gbà kó tó gba ihò róbótó jáde. Ìròyìn yìí máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé inú ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni kòkòrò ti ń hù. Àwọn ará Yúróòpù náà ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa ìdin inú ẹran, kí dókítà ará Ítálì kan, Francesco Redi, tó gbé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1668. Ó kó ẹran sínú ìgò, ó ṣí àwọn kan sílẹ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àwọn kan. Ìdin wà lórí ẹran tí eṣinṣin ráyè bà lé, kò sí lórí èyí tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn kí wọ́n tó kọ ìlànà, kí ẹ sì béèrè pé: kí ni Redi ì bá mọ̀ ká ní gbogbo ìgò náà ló fi aṣọ bò?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlànà

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́ta sí ojú ewé kan: ohun kan ṣoṣo tí wọn yóò yí padà láti ìgò dé ìgò, ohun tí wọn yóò kà, àti gbogbo ohun tí kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀wà ní ata gbígbẹ lílọ̀, ewé dóńgóyárò gbígbẹ lílọ̀, eérú igi, àti ìgò àfiwé tí wọn kò ní da nǹkan kan sí. Ìgò mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ìdí tí a fi ń lo mẹ́ta ni pé ìgò kan lè ṣe ohun tó wù ú, àwọn méjì yòókù ló máa tú u fó. Ẹyọ ẹ̀wà 100 ni wọn yóò kà sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gírámù kan ìyẹ̀fun àti kòkòrò mẹ́wàá. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo ṣíbí tíì kan tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, bí ó bá ti jẹ́ ṣíbí kan náà ni wọ́n lò fún ìyẹ̀fun kan náà. Aṣọ nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kéré ni wọn yóò fi bo ẹnu ìgò, wọn yóò fi rọ́bà dè é. Kí wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ibi tí ìgò kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí lórí pẹpẹ, kó má lọ jẹ́ pé gbogbo ìgò ata ló bọ́ sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ń wọlé.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wo ìlànà yìí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Sà, bó bá jẹ́ pé ìyẹ̀fun lásán ló ń dí wọn lọ́wọ́ ńkọ́, tí kì í ṣe pé ata ta wọ́n?” Mo ti mọ̀ pé àléébù yẹn wà níbẹ̀, mo sì ti ń dúró de ẹni tí yóò rí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fi èlùbọ́ lílọ̀ kún un, tí kò ta, tí kò sì korò, ìgò di 15. Bí kòkòrò inú èlùbọ́ náà bá dínkù, a jẹ́ pé ata nìkan kọ́ ló ń jà. Ká ní èmi ni mo sọ ọ́, wọn ì bá kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ewu àti àṣẹ

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n kò sí àwáwí nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ènìyàn ní àgbo, ewé tàbí oúnjẹ kankan láti fi ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe gbin kòkòrò àìfojúrí láti inú ilé ìyàgbẹ́ tàbí ojú ọgbẹ́ nínú láàbù tí kò ní ohun èlò láti pa wọ́n. Bí ìwádìí bá kan bíbi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè, ẹ gba àṣẹ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé tí òbí fọwọ́ sí ṣáájú, nítorí àwọn ìdíje sáyẹ́ǹsì tó lórúkọ lágbàáyé kì í gba iṣẹ́ tí wọ́n wá àṣẹ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti parí. Ní ti ẹ̀wà, ata ni ewu tó súnmọ́ wa jù: ìta gbangba ni kí wọ́n ti lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi nylon wọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ojú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi oògùn apakòkòrò olómi wé ata “láti mọ èyí tó le jù.”

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdánwò kékeré

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fo ibí yìí torí pé àsìkò kò tó, ibi tí àsìkò sì ti ń ṣòfò náà nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ ṣe ìgò méjì péré fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún kan, gbogbo kòkòrò tí wọ́n kó sínú ìgò àfiwé kú kó tó di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ẹ̀wà lọ. Kòkòrò yìí máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láyé láìjẹun. Ẹ̀wà ọjà tí wọ́n ti fín oògùn sí ni wọ́n rà. NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́jà nípa dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò tíì wọ etí gbogbo ènìyàn. Ká ní ìgò 15 la ti tò kalẹ̀, táàmù ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àgbẹ̀ tó gbìn ín la ti ń ra ẹ̀wà.

Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́. Kí wọ́n dì í sínú nylon, kó wà nínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin tó wà lára rẹ̀ lè kú. Bí wọ́n bá gbé e jáde, wọn kò gbọdọ̀ tú nylon náà títí yóò fi kúrò ní tútù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yóò sẹ̀ sára ẹ̀wà. Iná mànàmáná wa kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ kan bẹ ẹlẹ́ja tútù kan, ó bá wọn fi í sábẹ́ ẹja rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣa ẹ̀wà ọ̀hún lẹ́yọ lẹ́yọ, kí wọ́n yọ gbogbo èyí tó ní ihò tàbí àmì ẹyin.

Ní ti kòkòrò, àwọn tó ń ta ẹ̀wà yóò fún wọn ní ẹ̀wà tó ti bàjẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n fi asẹ́ sẹ́ gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ kúrò lónìí. Èyí tó bá jáde dọ́la kò tíì ju ọjọ́ kan lọ, irú rẹ̀ ni wọn yóò lò, kí ọjọ́ orí gbogbo wọn lè dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iṣẹ́ gan-an, àti ìwé àkọsílẹ̀

Ìwé tí wọ́n rán pọ̀ ni kí wọ́n lò, tí ojú ewé rẹ̀ kò ṣeé yọ láìhàn. Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, kí wọ́n fa ìlà kan lé e lórí kí a ṣì lè kà á. Déètì, àkókò, ẹni tó kà á, iye tó rí, àti ohun àjèjì kankan tó ṣẹlẹ̀, bíi “nẹ́ẹ̀tì ìgò 7 ya díẹ̀, a pààrọ̀ rẹ̀.” Ẹ fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí ó mọ́ tónítóní, tí a kọ nílé lálẹ́ Sunday láti inú bébà kékeré, ẹ dá a padà.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọn yóò yọ gbogbo kòkòrò àkọ́kọ́ kúrò, òkú àti alààyè, wọn yóò sì ka ẹyin. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ fún ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹyọ ẹ̀wà 20 kan náà àti awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kí oníkálukú kà á lọ́tọ̀. Iye wọn kò ní bára mu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á títí wọn yóò fi fẹnu kò lórí ohun tí í ṣe ẹyin. Ẹyin tí kò tíì pa mọ́ gaara bí ìkán epo. Èyí tó ti pa funfun bíi ṣọ́ọ̀kì, nítorí ìyẹ̀fun tí ọmọ kòkòrò ń tì sẹ́yìn bó ṣe ń gbẹ́ ihò wọlé. Ṣé méjèèjì la máa kà? Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni kí wọ́n kọ sínú ìwé, kò sì ní yí padà mọ́.

Kí ẹni tó ń kà má mọ ìgò tó ń kà. Ọmọ kan yóò gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ẹ̀wà, yóò dà á sínú àwo tí nọ́ńbà nìkan wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kà. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kí wọ́n máa ka kòkòrò tuntun tó bá jáde ní ọjọ́ méjì méjì, kí wọ́n sì máa yọ wọ́n kúrò kí wọ́n má bàa yé ẹyin tiwọn. Ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Ẹ ṣètò ẹni tí yóò wá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká ní kòkòrò 64, 71 àti 58 ló jáde nínú ìgò àfiwé mẹ́ta, tí ti ata sì jẹ́ 12, 40 àti 9. Bí a bá ro ti àfiwé pọ̀ tí a pín in sí mẹ́ta, ó di bíi 64. Ti ata di bíi 20. Ọmọ yóò fẹ́ dúró síbẹ̀, yóò kọ ọ́ pé ata ṣiṣẹ́. Ẹ bi í léèrè nípa 40. Yóò ní kí òun yọ ọ́ kúrò, nítorí ó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Kó padà sínú ìwé àkọsílẹ̀: ṣé ìgò náà ni nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya? Ṣé ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò dé ara gbogbo ẹ̀wà? Bó bá rí ìdí, kó kọ ìdí náà pẹ̀lú iye yẹn. Bí kò bá rí i, kó sọ pé òun kò rí i. Lórí gíráàfù, kí wọ́n fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn fún ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe òpó kan ṣoṣo fún iye tí a rò pọ̀ tí a sì pín, kí ẹni tó ń wò ó lè rí bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Bí àmì ata àti ti àfiwé bá wọnú ara wọn, wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìròyìn àti máàkì

Ìròyìn kò gbọdọ̀ ju ojú ewé mẹ́fà lọ: ìbéèrè, ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìlànà tó kún tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè fi tún un ṣe, èsì, àti ohun tí èsì kò lè sọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń sá fún jù. Ẹ gbà wọ́n láyè láti fi ẹnu gbèjà rẹ̀ ní Yorùbá níwájú kíláàsì, kí ẹ sì pe ẹnì kan láti ìta tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Màmá kan tó ti ń ta ẹ̀wà tipẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ata pé, “Ẹ ti fọ̀ ọ́ sè wò? Ṣé ó ń ta?” Wọn kò tíì rò ó rárá.

Nínú máàkì 100, mo ń fún ìwé àkọsílẹ̀ ní 40, ìlànà ní 20, ìṣirò ní 20, ìròyìn àti ìgbèjà ní 20. Èsì kò ní máàkì kankan. Ẹgbẹ́ tí ata rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan lè gba 90, ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ìdí láti ṣẹ̀dá iye.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀wà padà sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó dà á nù, kí kòkòrò inú rẹ̀ má bàa dé ilé ìdáná ẹnikẹ́ni. Ẹ kó ìwé àkọsílẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí SS1 tuntun bá dé, ẹ gbé ìwé ẹgbẹ́ ata fún wọn, kí ẹ ṣí i sí ojú ewé tí ìbéèrè màmá ẹlẹ́wà wà.